Àtẹ̀gùn ẹ̀yìn pikọ́ọ̀pù: ti ẹ̀gbẹ́, ti bọ́ńpà, àbí èyí tí wọ́n ń ki bọ ihò ìfatirélà?

Orúnkún mi ló kọ́kọ́ bá mi sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń fò sílẹ̀ láti ẹ̀yìn pikọ́ọ̀pù bí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, màá gbé ẹsẹ̀ lé etí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, gbì, mo ti dé ilẹ̀, títí dọjọ́ tí orúnkún òsì dún kà tí mo wá jókòó sórí bọ́ńpà tí mò ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó ń wá owó tó já bọ́. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń wá àtẹ̀gùn kiri. Mo ti ra mẹ́ta fún ara mi, mo ti bá àwọn ọ̀rẹ́ dè é mọ́ ọkọ̀ wọn náà, mo sì ti kábàámọ̀ ọ̀kan dáadáa.

Àtẹ̀gùn kékeré tó ń yọ jáde tó tún ń ká wọlé ni mò ń sọ o, èyí tí wọ́n ń dè mọ́ abẹ́ ọkọ̀ kéèyàn lè fi gun ẹ̀yìn ẹ̀ tàbí kéèyàn dúró lé e kó lè rí ẹrù mú. Ẹ lè ní kí ló wá le níbẹ̀, ṣebí àtẹ̀gùn ni àtẹ̀gùn. Mo mọ ẹnì kan tó ra èyí tó wọ́n jù nínú gbogbo wọn, ó dè é dáadáa, ó dán gbinrin, kò sì tíì tó oṣù kan tí ò fi fẹsẹ̀ kàn án mọ́ torí ibi tó wà kọ́ lọwọ́ ẹ̀ ń lọ láràárọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tọ́wọ́ yín ń lọ

Kẹ́ ẹ tó wo àwòrán èyíkéyìí, ẹ lọ dúró síbi ọkọ̀ yín kẹ́ ẹ rántí nǹkan márùn-ún tẹ́ ẹ gbé jáde níbẹ̀ kẹ́yìn. Ṣé ọ̀dọ̀ kábìn níwájú lọ́hùn-ún ni, níbi tí wọ́n máa ń gbé àpótí irinṣẹ́ sí? Àbí etí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn níbí? Ṣé ẹ máa ń wọ inú ẹ̀ lọ pátápátá, àbí ẹ kàn ń na ọwọ́ láti ẹ̀gbẹ́? Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ gun, ṣé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn máa ń wà ní títì ni àbí ní ṣíṣí? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí làwọn èèyàn kì í bi ara wọn, òun gan-an ló sì ń ba owó jẹ́.

Ìdí nìyí. Ẹ̀yìn pikọ́ọ̀pù ńlá òde òní ga gan-an, láti ilẹ̀ dé ojú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí wọ́n ṣí sílẹ̀ máa ń tó nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 85 sí 95, èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà tún máa ń ga jù bẹ́ẹ̀. Etí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ńkọ́, ó dé àyà àgbàlagbà. Èèyàn ò lè na ọwọ́ láti ẹ̀gbẹ́ kó kan ilẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn àfi tó bá fi ikùn lé e lórí bí ẹni tó ń yọjú wo kànga. Tí wọ́n bá wá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ṣe ló máa bo bọ́ńpà mọ́lẹ̀, gbogbo nǹkan ìtẹ̀sẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀ tí kò yọ síta kọjá etí ilẹ̀kùn yẹn ti di ẹrù lásán nìyẹn.

Ti bọ́ńpà àti ti ẹ̀gbẹ́

Méjì yìí ni wọ́n jọ ń bára wọn du nǹkan ní tòótọ́, àwọn tó kù ń tẹ̀ lé wọn ni. Ilé iṣẹ́ AMP Research ń ṣe méjèèjì, wọ́n ń pe ti bọ́ńpà ní BedStep, wọ́n ń pe ti ẹ̀gbẹ́ ní BedStep2, ẹsẹ̀ lẹ ó fi fà á jáde, ẹsẹ̀ náà lẹ ó fi tì í padà, ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí i lára sì ni kílò 136, ìyẹn 300 pọ́ùn. Àwọn ilé iṣẹ́ míì wà tó ń ṣe irú ẹ̀, mo kàn dárúkọ yìí kẹ́ ẹ lè mọ irú nǹkan tí mò ń sọ ni.

Ti bọ́ńpà, abẹ́ igun bọ́ńpà ẹ̀yìn ni wọ́n ń dè é sí, lọ́wọ́ òsì lọ́pọ̀ ìgbà torí pé ọwọ́ ọ̀tún ni ẹnu sáléńsà ọ̀pọ̀ pikọ́ọ̀pù máa ń yọ sí. Ẹ fẹsẹ̀ kàn án, ó yí jáde, ẹ gun. Èyí tó dáa nínú wọn máa ń yọ síta dáadáa débi pé tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bá wà ní ṣíṣí ẹsẹ̀ yín á ṣì rí ojú ẹ̀ tẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ pé ẹrù ló ń kó sínú ẹ̀, tó ń wọlé tó ń jáde lógún ìgbà lójúmọ́, èyí ni tiẹ̀. Èmi náà, òun ni mo padà mú. Àléébù ẹ̀ ni pé kò wúlò rárá fún ohun tó bá wà níwájú lẹ́bàá kábìn, àti pé tó bá jẹ́ pé bọ́ńpà tẹ́ ẹ fúnra yín pààrọ̀ ló wà lẹ́yìn ọkọ̀ yín, irin rẹpẹtẹ yẹn, ó ṣeé ṣe kí bírákẹ́ẹ̀tì ẹ̀, irin tí wọ́n fi ń dè é mọ́ ọkọ̀, má bá a mu.

Ti ẹ̀gbẹ́, ara ṣáásì, irin ńlá abẹ́ ọkọ̀, ni wọ́n ń dè é mọ́, ó lè jẹ́ láàárín kábìn àti táyà ẹ̀yìn, ó sì lè jẹ́ lẹ́yìn táyà. Èyí tó wà láàárín kábìn àti táyà ló dáa jù fún àpótí irinṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná, gbogbo ayé ẹ̀ wà nínú àpótí tó wà lẹ́yìn kábìn, ó kàn ń fẹsẹ̀ kàn án, ó gun ìgbésẹ̀ kan, ó ṣí àpótí, ó mú sípánà, ó sọ̀ kalẹ̀, kò sídìí tí ò fi ní nífẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹni tó ní férémù irin lórí ọkọ̀ tó ń so àkàbà tàbí páìpù mọ́ náà, ti ẹ̀gbẹ́ ló máa ràn án lọ́wọ́, torí okùn ẹ̀gbẹ́ ló ń so. Ẹni tí kò ga púpọ̀ náà, mi ò ní parọ́, ti ẹ̀gbẹ́ ló ń yọ̀ mọ́ jù.

Àmọ́ ti ẹ̀gbẹ́ ní wàhálà tiẹ̀. Àkọ́kọ́ ni gígùn ẹ̀yìn ọkọ̀. Pikọ́ọ̀pù ńlá máa ń wá ní ẹsẹ̀ bàtà 5.5, 6.5 tàbí 8, èyí tó bá sì kúrú, àyè tó wà láàárín kábìn àti táyà á kéré, kì í ṣe gbogbo àtẹ̀gùn ló máa wọ ibẹ̀, ẹ rí i dájú pé èyí tẹ́ ẹ fẹ́ rà bá gígùn tiyín mu, kẹ́ ẹ má kàn wo orúkọ ọkọ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Èkejì ni pé táyà iwájú ló ń da ẹrẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ lù ú, torí náà ó máa ń dọ̀tí ju ti bọ́ńpà lọ. Ẹ̀kẹta, tẹ́ ẹ bá ń gba ojú ọ̀nà tó ní gegele, ẹ̀gbẹ́ ni nǹkan máa ń họ. Tẹ́ ẹ bá sì ti ní àtẹ̀gùn gígùn lábẹ́ ilẹ̀kùn kábìn tó ti na ẹsẹ̀ ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ táyà ẹ̀yìn, ẹ ò nílò ti ẹ̀gbẹ́ mọ́, ẹ máa fẹsẹ̀ tẹ ìyẹn.

Ẹni tó ní ìbòrí líle tó ń ká lórí ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹ̀ ńkọ́? Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ni ìbòrí yẹn ti ń ṣí lọ síwájú, ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí, ẹ ò ní rí nǹkan mú. Ti bọ́ńpà ni.

Èyí tí wọ́n ń ki bọ ihò ìfatirélà

Òun ni mo kọ́kọ́ rà, òun náà ni mo kábàámọ̀. Ó rọrùn, òótọ́ ni. Ihò onígun mẹ́rin tó wà lábẹ́ bọ́ńpà fún ìfatirélà, ẹ ki irin ẹ̀ bọ ibẹ̀, ẹ fi pínnì dè é, ó parí, kò tó ìṣẹ́jú méjì, ẹ ò nílò sípánà kankan. Ihò ìníṣì 2 ló wọ́pọ̀ jù lórí pikọ́ọ̀pù, àmọ́ ti 1.25, 2.5 àti 3 náà wà lóde, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun.

Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí ni ojúgun. Èyí tí mo rà kì í ká, gbangba ló dúró lẹ́yìn ọkọ̀ lọ́sàn-án lóru, tẹ́ ẹ bá ń kọjá lẹ́yìn ọkọ̀ nínú òkùnkùn tẹ́ ẹ gbé ẹrù sáyà, ojúgun yín ló máa kọ́kọ́ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mo ta á mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹta nínú ọ̀sẹ̀ kan, ìyàwó mi lẹ́ẹ̀kan, ohun tó sọ lọ́jọ́ yẹn kò ṣeé kọ síbí. Ó tún sọ ọkọ̀ di gígùn, tẹ́ ẹ bá ń páàkì ẹ ó máa rò pé àyè ṣì wà. Tí sẹ́ńsọ̀ bá wà ní bọ́ńpà yín, ó lè máa pariwo pé nǹkan wà lẹ́yìn, nígbà tó jẹ́ pé àtẹ̀gùn yín ló ń rí. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fa tirélà ńkọ́? Ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ jù ú sínú ọkọ̀, ìgbà tẹ́ ẹ nílò àtẹ̀gùn jù lẹ ò ní àtẹ̀gùn.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ó máa ń mì. Irin tó wọnú ihò yẹn kì í há pinpin, ó máa ń ta kọ̀kọ̀kọ̀ lójú ọ̀nà, tẹ́ ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ ó máa ń fì díẹ̀. Nǹkan kan wà tí wọ́n ń fi há a mọ́ra tó ń pa ariwo yẹn, ẹ rà á mọ́ ọn tẹ́ ẹ bá máa lò ó. Àwọn kan wà báyìí tó ń ká sábẹ́ bọ́ńpà, ìyẹn sàn díẹ̀.

Mi ò ní ká má rà á o. Ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń gun ẹ̀yìn ọkọ̀, tàbí tó ń yá ọkọ̀ lò, tàbí tó ní ajá àgbà tí ò lè fò mọ́, ó wúlò fún un, ó ń lò ó, ó ń yọ ọ́. Ẹni tó ní ọkọ̀ méjì tí ihò wọn dọ́gba náà lè máa gbé e láti ọ̀kan sí ìkejì. Àwọn yòókù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú ojúgun yín.

Èyí tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́

Bóyá ọkọ̀ tẹ́ ẹ ní tàbí èyí tẹ́ ẹ fẹ́ rà ti ní tiẹ̀, ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó ná owó méjì. Ford ló fi àtẹ̀gùn sínú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fúnra ẹ̀, ó wà lórí pikọ́ọ̀pù wọn F-150 ọdún 2009: ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ẹ fa àtẹ̀gùn jáde látinú etí ẹ̀, ó yí sísàlẹ̀, ọ̀pá kan sì wà tẹ́ ẹ lè gbé dìde tẹ́ ẹ ó dì mú. Ọ̀pá yẹn gan-an ni mo fẹ́ràn ju àtẹ̀gùn lọ. Chevrolet fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìpolówó wọn nígbà yẹn pé ọkùnrin wo ló ń wá àtẹ̀gùn láti gun ọkọ̀. Ó yá, ọdún 2014 dé, Silverado tuntun, pikọ́ọ̀pù Chevrolet náà, jáde, ihò ẹsẹ̀ ti wà ní igun bọ́ńpà ẹ̀yìn ẹ̀ méjèèjì. Mo rẹ́rìn-ín.

Ihò ẹsẹ̀ inú bọ́ńpà yẹn, CornerStep ni wọ́n ń pè é, kò ní nǹkan tó ń yí, kò ní sípíríńgì, kò ní ohun tó lè bàjẹ́, mo gbóríyìn fún ẹni tó ronú kàn án. Tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bá wà ní títì, ó dùn ún lò. Tẹ́ ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn, ó di ìṣòro torí ilẹ̀kùn ti bò ó. Ẹ ti rí i pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ni mò ń padà sí ṣáá.

Ti GMC tún yàtọ̀, ilẹ̀kùn tí wọ́n ń pè ní MultiPro tó bẹ̀rẹ̀ lórí pikọ́ọ̀pù wọn Sierra ọdún 2019, ilẹ̀kùn kan tó ní ilẹ̀kùn míì nínú, ó ń ká di àtẹ̀gùn ńlá tó fẹ̀ dáadáa, kílò 170 ni wọ́n ní ó lè gbé. Òun lèyí tó gbòòrò jù tí mo tíì tẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé wẹ́rẹ́, èèyàn lè gbé ẹrù gùn ún. Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀: tí irin roboto ìfatirélà bá wà nínú ihò lẹ́yìn ọkọ̀, tẹ́ ẹ wá já ilẹ̀kùn inú yẹn sílẹ̀, ó lè lọ gbá irin yẹn, ilẹ̀kùn á sì họ tàbí kó tẹ̀. Ẹ yọ irin yẹn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan bọ́tìnì.

Àwọn tó wà nínú ilẹ̀kùn wọ̀nyí, gbogbo wọn ló ń mú kí ilẹ̀kùn wúwo sí i, gbogbo wọn ló sì fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn. Ẹrù tó bá fara ti ilẹ̀kùn látinú, tẹ́ ẹ bá ṣí i, òun ló máa kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀.

Èyí tó ń lo iná

Màá yára kọjá níbí. Èyí tí mọ́tò iná ń gbé jáde dára lójú, ó máa ń yọ fúnra ẹ̀ tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn kábìn, àwọn kan sì wà tẹ́ ẹ lè fẹsẹ̀ gbá bọ́tìnì lẹ́yìn ẹ̀ kó sún sẹ́yìn fún ẹ̀yìn ọkọ̀. Àmọ́ wáyà ti wọ̀ ọ́, fíúsì ti wọ̀ ọ́, bátìrì ti wọ̀ ọ́, ẹrẹ̀ àti yìnyín sì ni ọ̀tá ẹ̀. Fún wíwọ kábìn, ó dáa, pàápàá fún àgbàlagbà. Fún ẹ̀yìn ọkọ̀ nìkan, èmi ò ní ná owó yẹn, ẹsẹ̀ tí Ọlọ́run fún wa ṣì lè ti nǹkan.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n, ẹ má fojú fò ó

Kílò 136 dún bí ẹni pé ó pọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ọkùnrin tó wọn kílò 90 gbé àpò kílò 50 léjìká, ó ti di 140, ó ti kọjá, kò sì tíì fò o. Tó bá fò tàbí tó bá fi ẹsẹ̀ kan já lé e, agbára tó ń bọ̀ sórí bóòtù á ju ìwọ̀n ara ẹ̀ lọ dáadáa. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá sanra, tàbí iṣẹ́ yín jẹ́ ti ẹrù wúwo, ẹ wá èyí tí ìwọ̀n ẹ̀ ga, tàbí kẹ́ ẹ gbé ẹrù sórí ilẹ̀kùn kọ́kọ́ kẹ́ ẹ tó gun òfìfo. Èkejì yẹn kò náni ní nǹkan kan.

Ní ti ohun tí wọ́n fi ṣe é: alumíníọ̀mù fúyẹ́, kì í pupa bí irin tó dípẹtà, àmọ́ níbi tí bóòtù irin bá ti kàn án, tí omi oníyọ̀ sì ń dé ibẹ̀, ẹ ó rí àtíkè funfun kan tó ń yọ, ìyẹn ni pé ó ti ń jẹ ẹ́. Irin líle, ó wúwo, ó lágbára, ọ̀dà ara ẹ̀ ló ń dáàbò bò ó, ibi tí òkúta bá ti ta ọ̀dà kúrò ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ojú tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ló ṣe pàtàkì sí mi jù. Èyí tó ní eyín àti ihò, ẹrẹ̀ á jábọ́ láàárín ẹ̀. Èyí tí wọ́n kàn lẹ rọ́bà pẹlẹbẹ mọ́, ó dùn lẹ́sẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ẹrẹ̀ bá bò ó ṣe ló dà bí ilá.

Dídè é mọ́ ọkọ̀

Ti bọ́ńpà àti ti ẹ̀gbẹ́, èèyàn tó ti fi sípánà ṣiṣẹ́ rí lè dè é fúnra ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń lo ihò tó ti wà lára ṣáásì tàbí lára ìdìmú bọ́ńpà látilẹ̀, bóòtù díẹ̀ ni gbogbo ẹ̀. Èyí tó bá ní kẹ́ ẹ lu ihò tuntun sára ṣáásì tàbí kẹ́ ẹ jó o mọ́ ọn, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣáásì ni egungun ọkọ̀, ihò tẹ́ ẹ bá lù síbi tí kò yẹ lè di ibi tó máa là lọ́jọ́ kan, ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ sì lè sọ pé ẹ̀rí ìdánilójú wọn ti dópin.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ fín òróró tó ń tú bóòtù sára èyí tẹ́ ẹ máa tú, kó sùn mọ́ ọn. Bóòtù bọ́ńpà ọkọ̀ àtijọ́ lágídí. Lọ́jọ́ iṣẹ́, ilẹ̀ tó tẹ́jú, háńdíbíréèkì gókè, igi tàbí òkúta níwájú àti lẹ́yìn táyà. Ẹ jẹ́ kí sáléńsà tutù, mo ti fi apá mi kàn án rí, mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni tún dán an wò. Ọ̀pọ̀ ìgbà ẹ ò nílò jáàkì rárá, pikọ́ọ̀pù ga tó kéèyàn wọ abẹ́ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ gbé e sókè, irin ìdúró gidi ni kẹ́ ẹ fi tì í, èèyàn kì í wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé.

Ẹ kó gbogbo nǹkan inú páálí sílẹ̀ kẹ́ ẹ kà á. Èyí tí mo rà nígbà kejì, wọ́ṣà méjì ló dín níbẹ̀, ìgbà tí mo ti wà lábẹ́ ọkọ̀ tí ẹrẹ̀ ti kún etí mi ni mo tó mọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ gbé àtẹ̀gùn sí ibi tó máa wà láì tíì dè é, kẹ́ ẹ wo ohun tó yí i ká: sáléńsà, wáyà iná tirélà, táyà apààrọ̀, rọ́bà tó ń gba ẹrẹ̀ lẹ́yìn táyà, sẹ́ńsọ̀ inú bọ́ńpà. Ọkọ̀ tí ẹnu sáléńsà ẹ̀ jẹ́ méjì, ọ̀tún kan òsì kan, ibẹ̀ ló ti máa ń já, torí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó rà á.

Tẹ́ ẹ bá ń dè é, ọwọ́ nìkan ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi dé gbogbo bóòtù, kí gbogbo ẹ̀ wọlé kó sì ṣì dẹ̀ díẹ̀. Àṣìṣe tí gbogbo èèyàn máa ń ṣe ni kí wọ́n fún bóòtù àkọ́kọ́ pinpin, lẹ́yìn náà ihò kẹta ò ní bára mu mọ́, wọ́n á wá máa fi hámà lù ú. Bí gbogbo ẹ̀ bá ti wọlé, ẹ fà á jáde, ẹ tì í wọlé, ẹ wò ó láti ẹ̀yìn bóyá ó dọ́gba, ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bóyá ó ń kàn án, ìgbà náà lẹ ó wá fún un, pẹ̀lú sípánà tó ń díwọ̀n agbára, dé iye tí wọ́n kọ sínú ìwé ẹ̀. Mi ò ní sọ iye kankan fún yín torí bóòtù kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀. "Mo ti fún un dáadáa" kì í ṣe ìwọ̀n. Tó bá kéré jù ó máa tú, tó bá pọ̀ jù ẹ ó já bóòtù tàbí kẹ́ ẹ ba eyín ihò alumíníọ̀mù jẹ́.

Níbi tẹ́ ẹ bá ti họ ọ̀dà, ẹ fi ọ̀dà kàn án kí ìpẹtà tó rí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí nǹkan bíi kìlómítà 800, ẹ padà lọ gbá gbogbo bóòtù wò, torí ọkọ̀ ń gbọ̀n, nǹkan tuntun máa ń jókòó. Ti ọ̀rẹ́ mi oníná yẹn, bóòtù méjì ti dẹ̀ nígbà tá a padà wò ó, àwa méjèèjì la sì jọ dè é tá a ń fọ́nnu.

Lílò ẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ dán an wò kẹ́ ẹ tó gbé ara lé e. Tẹ́ ẹ bá fà á jáde ẹ ó gbọ́ tàbí kẹ́ ẹ mọ̀ lára pé ó ti jókòó, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ pẹ̀lú orí bàtà, tí kò bá mì, ẹ gùn. Àárín ojú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ̀, kì í ṣe etí. Ọwọ́ méjì ẹsẹ̀ kan, tàbí ẹsẹ̀ méjì ọwọ́ kan, nǹkan mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ máa kan ọkọ̀ nígbàkigbà, torí náà ẹni tó ń gun pẹ̀lú páálí lọ́wọ́ méjèèjì ń wá ìṣubú. Ojú ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ sí, tẹ́ ẹ bá ń gòkè àti tẹ́ ẹ bá ń sọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ń sọ̀ làwọn èèyàn máa ń yíjú síta bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ níwájú ilé, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣubú. Tí kò bá sí ohun tọ́wọ́ lè dì mú ní igun tẹ́ ẹ ti ń gun, ẹ wá ìdìmú kékeré kan dè mọ́ ọn, ó tó bẹ́ẹ̀ ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kẹ́ ẹ tó wa ọkọ̀, ẹ tì í wọlé. Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀. Èmi náà mọ̀, mo sì ṣì wa ọkọ̀ lọ pẹ̀lú ti bọ́ńpà àkọ́kọ́ mi níta, mo padà sẹ́yìn sára gegele kan, mo gbọ́ krrr, bírákẹ́ẹ̀tì ẹ̀ tẹ̀, kò sì ká wọlé mọ́ títí mo fi pààrọ̀ ẹ̀. Ti ẹ̀gbẹ́, ẹ lè fojú kàn án nínú dígí. Ti bọ́ńpà, ẹ ò ní rí i. Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé mi ò ní jókòó sídìí ọkọ̀ láìkọ́kọ́ fẹsẹ̀ kan igun yẹn, tó bá ti wọlé màá gbọ́, tí kò bá tíì wọlé ojúgun mi á sọ fún mi, ó ti mọ iṣẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dúró lé e nígbà tí ọkọ̀ ń rìn, ì báà jẹ́ láti ibí dé ẹnu géètì.

Ìtọ́jú ẹ̀ kò pọ̀. Omi líle sí oríkèé ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń fọ ọkọ̀, kó gbẹ, kẹ́ ẹ fín sílíkóònù gbígbẹ sí i. Ẹ má fi gíríìsì, gíríìsì máa ń kó eruku jọ, láàárín oṣù méjì ó ti di amọ̀ dúdú tó ń jẹ oríkèé. Níbi tí òtútù ti ń mú kí omi dì, ẹ tì í wọlé ní gbígbẹ kẹ́ ẹ tó sùn, tẹ́ ẹ bá sì jí tó ti dì mọ́ ibẹ̀, ẹ má gbá a, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kẹ́ ẹ dà sí i. Tí sípíríńgì ẹ̀ bá ti ń rọ, tó ń já wálẹ̀ fúnra ẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ má fi okùn so ó pé ó di ọ̀la, ẹ tú u kúrò lọ́kọ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an.